Ìwádìí inú oko àti inú igbó: ṣé iṣẹ́ tó lè gbọ́ bùkátà ni?

ÌBÉÈRÈ

Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìdáàbòbò irè oko, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú. Báńkì kan fẹ́ gbà mí sídìí káńtà, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi fà sí ni ìwádìí orí pápá: kí n máa wọ oko àti igbó, kí n máa ka kòkòrò, kí n máa wọn igi, kí n sì máa jókòó ti àgbẹ̀ láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí bóyá torí kí n lè máa ka ewé nínú igbó ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀ rán mi lọ sílé ìwé. Ẹ̀yin àgbà tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Ṣé iṣẹ́ ni, àbí fàájì àwọn tí ẹlòmíràn ń bọ́?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Iṣẹ́ ni, àbúrò. Owó wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í wọlé déédéé bí owó oṣù òṣìṣẹ́ báńkì.

Mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ lórí ojú ìwé yìí, èmi náà yóò sì máa padà wá dáhùn bí ìbéèrè bá ṣe ń jáde. Apá kan ní bí o bá ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú, owó yóò tẹ̀lé ọ; apá kejì ní kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìyà àti ẹ̀fọn lọ. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo mọ àwọn tó fẹ́ràn igbó ju ilé lọ tí wọn kò rí owó ilé san, mo sì mọ àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà kọ́lé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé àwọn tó rí jẹ nídìí rẹ̀ ní ohun kan pàtó tí wọ́n mọ̀ ju ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn lọ, yálà kòkòrò ẹ̀gẹ́, igi, ẹyẹ tàbí ilẹ̀, àkọsílẹ̀ wọn sì jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè gbára lé láìjẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé.

Ohun tó ń da ìjíròrò yìí rú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ni a ń pè ní ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ìjọba, irú bíi ti igbó ní Jẹ́ríkò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ti kòkó ní Ìdí-Àyùnrẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, àti ti èso òun ẹ̀fọ́ ní Ìdí-Ìṣìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, tí gbogbo wọn wà ní Ìbàdàn. Owó oṣù ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní owó ìfẹ̀yìntì, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé àyè kì í sábà ṣí sílẹ̀. Ìkejì ni iṣẹ́ àdéhùn lọ́dọ̀ àwọn àjọ bíi IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko. Owó rẹ̀ dára jù, àmọ́ ọjọ́ tí owó onígbọ̀wọ́ bá tán ni iṣẹ́ náà tán. Ìkẹta ni ti àwọn tí wọ́n ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti máa gbé ìwé ìbéèrè kiri abúlé, tí owó ojúmọ́ sì ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ wa ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta yìí, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni kí ọdún máa gorí ọdún kí o má sì ní àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Ẹnì kan sọ pé kí àbúrò yìí má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà, pé láti inú yàrá ni wọ́n ti ń ka igi báyìí.

Kí olúwarẹ̀ wá sí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó ọba tí UNESCO fi sínú àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ ní 1977 ni, erin ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oko kòkó wà níbẹ̀, igi mẹláínà (gmelina) tí wọ́n gbìn ní àdúgbò J4 nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà ní Ìwópin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti òkè, kòkó tí wọ́n gbìn sábẹ́ ìbòòji igi ńlá lè jọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Àwòrán náà wúlò gan-an, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti sọ ohun tí àwọ̀ ewé náà jẹ́, ẹni náà ni wọ́n sì máa ń wá láti sanwó fún nígbà tí àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá ń jiyàn láàárín ara wọn.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìdáàbòbò irè oko ni o kọ́, jẹ́ kí n sọ èyí tó sún mọ́ ọ. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun yọ sí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò, ó sì ń bà á jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, nítorí náà ọ̀hún ni àwọn olùwádìí gbà lọ láti wá ohun tó ń pa kòkòrò náà jẹ. Wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ àwọn ọ̀tá tí èyí ní kò ṣe tiwa ní nǹkan kan. Ìrìn láti oko dé oko náà ló mú wọn dé Paraguay ní 1981, níbi tí wọ́n ti bá kòkòrò náà gan-an, tó ṣọ̀wọ́n nítorí pé agbọ́n tín-ín-rín kan máa ń yé ẹyin sí i lára tí ọmọ agbọ́n náà á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kó agbọ́n náà gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò, wọ́n gbé e dé Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà ní IITA gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Ẹ wo ohun tó mú un ṣeé ṣe. Kì í ṣe ìgboyà tàbí ìfẹ́ ìrìn àjò ló yanjú rẹ̀, bí kò ṣe pé ẹnì kan lè wo kòkòrò méjì tó jọra kí ó sì sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí o lọ wá, kí o sì wá a lórí ohun kan péré.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Fún ẹni tó béèrè bóyá ẹni tó ní HND nìkan lè rí iṣẹ́ yìí ṣe: ilé ẹ̀kọ́ igbó tó wà ní Jẹ́ríkò ti ń kọ́ni láti 1939, ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ inú igbó ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó mọ igi jù nínú àwọn tí mo bá wọ igbó rí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: ní ilé ìwádìí ìjọba, ọ̀nà ìgbéga ti onímọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí oní-HND máa ń wà, àti ti olùwádìí kò papọ̀, ti olùwádìí ń béèrè oyè kejì, lẹ́yìn náà oyè ọ̀mọ̀wé. Bí o bá mọ̀ pé ibẹ̀ lò ń lọ, tètè bẹ̀rẹ̀ ètò oyè kejì rẹ, kí o sì yan ibi tí wọn kì í ti í fi ìwé nìkan kọ́ni. Fún ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ, ilé ìwádìí Leventis tó wà ní Jọ́ọ̀sì láti 2001 jẹ́ ọ̀kan: àárín pápá ni ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ wà.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo pè ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé nínú èsì mi àkọ́kọ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ní ìwé àti bíró.

Bíró gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Má fi bíró kọ nǹkan nínú igbó, pẹ́ńsù ni kí o lò, nítorí òjò kan ṣoṣo yóò fọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan dànù. Bí o bá bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, kọ àmì rẹ̀ sára ọ̀rá náà, kí o tún kọ òmíràn sórí bébà kí o fi sínú rẹ̀, nítorí èyí tó wà lára máa ń pa rẹ́ nígbà tí àwọn ọ̀rá bá ń fara ra ara wọn nínú ọkọ̀. Kọ bí o ṣe wà á jìn tó, nítorí yẹ̀pẹ̀ tó wà láàárín ojú ilẹ̀ àti sẹ̀ǹtímítà 15 kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ títí dé 30. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí o da ohun tí o kọ sínú kọ̀ǹpútà, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, torí ojú rẹ ṣì ń rí ibi tí o dé.

Ní ti igi, ọ̀pọ̀ ibi láyé ló ti fẹnu kò pé mítà 1.3 láti ilẹ̀ ni a ti ń wọn ìbú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá òkè ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ àràbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ògiri, òkè ẹsẹ̀ náà ni a ń lọ. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ mo ti bá ìwé kan pàdé rí tí ìrókò inú rẹ̀ ń kéré sí i bí ọdún ti ń lọ. Igi kò kéré. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́dún kejì ga ju ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́dún kìíní lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sókè níbi tí igi ti tín-ín-rín, kò sì sí èyí tó kọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé sílẹ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún bàjẹ́ nítorí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Orúkọ igi tún wà níbẹ̀. Ọdẹ tó mú ọ wọgbó yóò sọ pé àyùnrẹ́ nìyí, òtítọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n oríṣi igi mélòó kan tí ó jẹ́ ẹbí kan náà ni a ń pè ní àyùnrẹ́, ìwọ ni ó kàn láti já ewé, òdòdó tàbí èso rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, kí o sá a, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìkó-ewé-jọ tó wà ní Jẹ́ríkò kan náà. Ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ohun tó sì sọ wọ́n di ìṣura ni pélébé ìwé tó wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sọ ẹni tó já a, ibi tó ti já a àti ọjọ́ tó já a. Èyí tí kò bá ní in, ewé gbígbẹ lásán ni.

Mo rí i pé àwọn kan ń bínú sí iṣẹ́ orí fóònù, pé Kobo, ètò orí fóònù tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, àti irú rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn, pé ó ń sọ ibi tí wọ́n wà àti ìṣẹ́jú tí wọ́n lò lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó ṣọ́ wa. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n á máa fúnra wọn dáhùn ìbéèrè ogójì ilé. Ìpalára wọn kì í mọ sórí iṣẹ́ ọ̀hún. Òun ló jẹ́ kí àwọn onígbọ̀wọ́ máa wo gbogbo wa pẹ̀lú ìfura tí wọ́n fi ń gé owó ojúmọ́. Síbẹ̀, gbé ìwé dání, nítorí bátìrì máa ń kú.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ọ̀rọ̀ owó àwọn ará abúlé ti di ìjà. Ẹnì kan ní bí o bá fún àgbẹ̀ lówó, ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ; ẹlòmíràn ní bí o kò bá fún un, o ti rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀. Ọdẹ tó mú ọ wọgbó, ọ̀dọ́ tó bá ọ ru ẹrù, obìnrin tó sè fún yín, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí owó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o sì san án lálẹ́, kì í ṣe nígbà tí ọ̀gá bá rántí. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yàtọ̀. Owó àsìkò rẹ̀ tàbí ẹ̀bùn kékeré ni tirẹ̀, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lé lórí fọwọ́ sí, yóò sì gbà á bóyá ìdáhùn rẹ̀ wù ọ́ tàbí kò wù ọ́, kódà bó bá dìde lọ láàárín ọ̀rọ̀.

Ìgbó-Ọrà ni kí ẹ fi wò ó. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, dókítà Nylander àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ka ìbejì ní agbègbè náà, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, tó pọ̀ ju ti ibikíbi tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí, oníròyìn àti aláwòrán ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ìlasa àti iṣu ni ẹnu gbogbo wọn sì ń bá pàdé. N kò sọ pé irọ́ ni ìlasa. Mo ń sọ pé ẹni tí a ti bi ní ìbéèrè kan náà léraléra ti mọ èsì tí àlejò fẹ́ gbé lọ. Bí o bá dé irú ìlú bẹ́ẹ̀, má béèrè ohun tó fa ìbejì. Béèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá, kí o sì wo inú ìkòkò bí wọ́n bá gbà fún ọ.

Kí o sì padà lọ. Ohun tí àwọn baálẹ̀ fi máa ń sùn wá jù ni pé a kò padà wá jíṣẹ́. Kì í ṣe ìwé jọ́nà ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ kí o dúró nígboro ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí o fi Yorùbá sọ ohun tí o rí, kí wọ́n sì lè já ọ nírọ́ bó bá yẹ. Mo ti jèrè púpọ̀ lára irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn alárìíwísí ìwé lọ.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Arábìnrin tó béèrè bóyá obìnrin lè ṣe é, àti ohun tí àwọn àna rẹ̀ yóò wí: àwọn ọkùnrin ti dá a lóhùn tán kí n tó dé. Obìnrin ni mí, mo sì ń ṣe é. Igbó kọ́ ni wàhálà mi, ibi tí n óò sùn ni. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan, béèrè ilé tí wọn yóò fi ọ́ sí, ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà, àti ẹni tí o lè fi ẹ̀sùn sùn tí kì í ṣe ọ̀gá tí ẹ jọ lọ. Ilé àgbẹ̀ obìnrin ni mo máa ń fẹ́ sùn sí. Ààbò wà níbẹ̀, ohun tí àwọn obìnrin kì í sì sọ níwájú ọkọ wọn lójú ọ̀sán, wọ́n á sọ ọ́ nídìí àdògán. Ní ti àwọn àna, ìyẹn kọjá agbára mi.

Nípa àwọn ajínigbé, òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fúnra wọn kò bá lọ sóko lọ́sẹ̀ yẹn, èmi náà kò lọ, ohun yòówù kí onígbọ̀wọ́ wí. Ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn mọ ọ̀nà tó dára àti èyí tí kò dára. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ yà kí o tó wo àwòrán ilẹ̀ rẹ.

Ní ti ejò, ẹnì kan dámọ̀ràn ìgbàdí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàdí, ṣùgbọ́n kí bàtà gígùn wà lẹ́sẹ̀. Bí paramọ́lẹ̀ bá ṣán ènìyàn, ẹ má sín ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so okùn le mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ọjọ́ tí ẹ bá dé àdúgbò náà ni kí ẹ ti lọ béèrè èyí tó ní in, nítorí ọ̀pọ̀ kò ní.

* * *

ÈSÌ KEJE

Àbúrò padà wá pẹ̀lú ìròyìn: wọ́n fi iṣẹ́ àdéhùn oṣù mẹ́fà lọ̀ ọ́, láti máa yẹ àrùn mọ́sáìkì wò nínú oko ẹ̀gẹ́, báńkì sì ń dúró de èsì. Àwọn kan ní kí ó gba báńkì kí ó máa wọ oko lópin ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kò ṣe ìwádìí. Irè oko kì í dúró de ọjọ́ Sátidé.

Mo mọ irú iṣẹ́ náà. Wàá rìn láti igun oko kan dé igun tó dojú kọ ọ́, wàá tún rìn bẹ́ẹ̀ láàárín igun méjì yòókù, wàá wo ẹ̀gẹ́ 30, wàá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1, tó túmọ̀ sí pé àrùn kò hàn, títí dé 5, tó túmọ̀ sí pé ewé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wàá ka eṣinṣin funfun tó ń gbé àrùn náà kiri lábẹ́ ewé òkè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí o bá fojú sílẹ̀, o lè wo oko kan láti ojú ọ̀nà kí o ti mọ ohun tí wàá bá níbẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ nígboro.

Nítorí náà, mo fara mọ́ kí o gbà á, bí èsì ìbéèrè wọ̀nyí bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Béèrè bóyá o lè lo apá kan nínú ohun tí o bá kó jọ fún oyè kejì rẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Béèrè ẹni tí yóò máa bá ọ wọ oko ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí bí kò bá sí ẹni tó máa tọ́ ojú rẹ sọ́nà lórí máàkì 2 àti 3, ìwọ nìkan ni wàá máa gba ara rẹ gbọ́. Béèrè ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Bí wọ́n bá gbà fún ọ lórí àwọn méjì àkọ́kọ́, má jẹ́ kí owó oṣù tó dín sí ti báńkì lé ọ padà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, gba báńkì, kí o sì máa fi owó ibẹ̀ tọ́jú ara rẹ de oyè kejì. Nígbà tí o bá ní ìbéèrè tìrẹ, àjọ Rufford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó lówó, Idea Wild sì máa ń fúnni ní irinṣẹ́. Owó ìwádìí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ọwọ́ àwọn olùkọ́ ló ń gbà, nítorí náà wá olùkọ́ tó máa fi orúkọ rẹ sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o máa fi owó ara rẹ wọ mọ́tò àti ọ̀kadà, kí o máa kó rìsíìtì jọ, pé wọn yóò dá a padà lópin iṣẹ́, ní kí wọ́n san ti oṣù kọ̀ọ̀kan ṣáájú kí oṣù náà tó wọlé. Ọlọ́kadà tó ń gbé ọ wọ oko lọ́hùn-ún kì í fúnni ní rìsíìtì, akọ̀wé owó tó jókòó ní ọ́fíìsì kò sì ní gbà pé o gùn ún.